Aago, Ojú Ẹ̀rọ àti Ibùsùn: Ìtàn Gbèdéke Wákàtí Mẹ́rin ní Ẹ̀ka Ìtọ́jú Pàjáwìrì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1991–2023

Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni ọ̀nà tí ìjọba àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà fi aago, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà, ṣọ́ àwọn aláìsàn tó bá dé ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì, kí wọ́n má baà pẹ́ jù níbẹ̀. Ìhà méjì ni àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí kókó yìí sábà máa ń kọ sí. Àwọn kan gbà pé ẹ̀rọ ló gba aláìsàn lọ́wọ́ ìdúró-títí. Àwọn mìíràn ní ṣe ni wọ́n kàn ń kó iye jọ láti fi tu ìjọba lójú. Lójú tiwa, ìhà méjèèjì ló tẹjú mọ́ ẹ̀rọ náà jù. Ìbéèrè tó yẹ kí òpìtàn bèèrè ni pé: níbo ni aago náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, níbo ló sì ti dákẹ́? Ẹ̀rọ kò lè rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní kí ó kà. Bí a bá tọpa ìtàn náà láti 1991 dé 2023, a ó rí i pé nígbàkúùgbà tí wọ́n bá sún ibi tí aago ti bẹ̀rẹ̀ tàbí ibi tó parí sí, àwọn aláìsàn kan á di rírí, àwọn mìíràn á sì di àwátì.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ni ọ̀rọ̀ ilé-ìwòsàn ilẹ̀ òkèèrè já mọ́ fún wa. Yàtọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà nínú àwọn ilé-ìwòsàn wọ̀nyí, tó jẹ́ pé àwọn gan-an ni aago náà ń lé kiri, nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ àtúnṣe ilé-ìwòsàn bá wáyé nílé níbí, kọ̀ǹpútà ni ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń dárúkọ. Kò burú kí a mọ ohun tí ojú àwọn tó ṣáájú rí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a ó máa tọ́ka sí. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní òfin tiwọn, a ó sì yà sọ́dọ̀ wọn níbi tó bá ti pọn dandan nìkan.

Kí aago tó dé

Ọjọ́ karùn-ún oṣù keje ọdún 1948 ni ètò ìlera tí gbogbo ayé mọ̀ sí NHS bẹ̀rẹ̀. Láyé ìgbà náà, casualty ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ń gbé ẹni tó fara pa lọ. Àwọn dókítà kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbà oníṣègùn kò ka ibẹ̀ sí ibi iyì. Maurice Ellis, tí wọ́n fi ṣe olórí irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ní Leeds ní ọdún 1952, ni wọ́n máa ń dárúkọ pé ó jẹ́ àgbà dókítà àkọ́kọ́ tó fi gbogbo àkókò rẹ̀ jìn fún iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1962, ìgbìmọ̀ tí Harry Platt jẹ́ alága rẹ̀ dá a lábàá pé kí wọ́n yí orúkọ náà padà sí Accident and Emergency, kí àwọn àgbà dókítà sì máa darí ibẹ̀. Ó tó ọdún 1972 kí wọ́n tó yan nǹkan bí ọgbọ̀n àgbà dókítà sí i, láti fi dán an wò.

Ohun tí wọ́n fi ń ṣọ́ aláìsàn nígbà náà kò ju ìwé rẹ́jísítà àti pátákó ara ògiri lọ. Wọ́n á kọ orúkọ aláìsàn àti ibi tó sùn sí sára pátákó. Bó bá ti kúrò, wọ́n á nù ún nù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fojú kéré pátákó yìí. Ìwòye kan péré ni gbogbo òṣìṣẹ́ fi ń mọ bí ilé ti rí, kò sì nílò iná mànàmáná. Àbùkù rẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n bá ti nù kúrò ti lọ nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè bi pátákó lọ́la pé wákàtí mélòó ni ìyá arúgbó àná fi jókòó.

Ọ̀rọ̀ ta ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dá lóhùn ti wà tipẹ́. Ní ọjà, ẹni tó kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń kọ́kọ́ tà fún; ilé-ìwòsàn kò lè tẹ̀ lé àṣà yìí, nítorí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lè dé kẹ́yìn. Dominique Jean Larrey, oníṣègùn àwọn ọmọ ogun Napoleon, ni ìtàn máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fi ìlànà yìí múlẹ̀ lójú ogun: bí ọgbẹ́ ti le tó ni kí wọ́n wò, kí wọ́n má wo ipò ẹni tó gbọgbẹ́. Triage ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ní ọdún 1994, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì kan péjọ ní Manchester láti sọ ọ́ di ìlànà kan ṣoṣo fún gbogbo wọn, ìwé wọn sì jáde ní ọdún 1997. Àwọ̀ márùn-ún ni wọ́n lò. Ẹni pupa, kí dókítà rí i lójú ẹsẹ̀; ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn, láàárín ìṣẹ́jú 10; ẹni ìyeyè, 60; ẹni àwọ̀ ewé, 120; ẹni búlúù, 240. Èyí ló yẹ kí òpìtàn kíyè sí: àwọ̀ tí kò sọ ju bí àìsàn ti le tó lọ tẹ́lẹ̀ ti wá di àwọ̀ tó ru ìṣẹ́jú. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú ètò náà rárá ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ṣe aláìsàn lọ́nà tí kọ̀ǹpútà á fi lè gbé e.

Nọ́ọ̀sì ẹnu ọ̀nà

Ọdún 1991 ni ìjọba John Major gbé ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn, Patient's Charter, jáde. Lára ohun tó ṣèlérí ni pé ẹnikẹ́ni tó bá wọ ẹ̀ka pàjáwìrì, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀ láti mọ bí ọ̀ràn rẹ̀ ti le tó. Ìlérí dáradára ni. Ohun tí àwọn ilé-ìwòsàn kan ṣe ni pé wọ́n fi nọ́ọ̀sì kan dúró sẹ́nu ọ̀nà. Yóò kí aláìsàn kú àbọ̀, yóò bi í ní ìbéèrè kan tàbí méjì, yóò sì kọ àsìkò sílẹ̀. Ìlérí ti ṣẹ lórí ìwé. Aláìsàn á wá lọ jókòó, a sì máa pẹ́ níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló sọ ọ́ ní orúkọ yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní hello nurse.

Ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa àwọn tó bá gbọ́ ọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́. Kì í ṣe pé nọ́ọ̀sì náà purọ́. Ohun tí wọ́n ní kí ó kà ló kà. Aago ìwé ẹ̀tọ́ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí aláìsàn wọlé, ó sì dákẹ́ nígbà tí ẹnìkan bá a sọ̀rọ̀. Gbogbo ìyà tó kù wà lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ aago.

Gbèdéke wákàtí mẹ́rin

Ní oṣù keje ọdún 2000, ìjọba Tony Blair gbé ètò tuntun kan jáde fún NHS. Alan Milburn ni mínísítà ìlera nígbà náà. Ètò náà sọ pé bí ọdún 2004 bá fi máa parí, kò gbọdọ̀ sí aláìsàn tí yóò lò ju wákàtí mẹ́rin lọ ní ẹ̀ka pàjáwìrì, láti ìgbà tó bá ti dé títí wọ́n á fi gbà á sí wọ́ọ̀dù, gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn mìíràn, tàbí kí ó máa lọ sílé. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí àwọn dókítà ṣàlàyé pé àwọn kan wà tí ire tiwọn gan-an ń béèrè pé kí wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

Gbèdéke yìí sàn ju ìwé 1991 lọ lọ́nà kan tó ṣe pàtàkì: aago rẹ̀ kò dákẹ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ó tẹ̀ lé aláìsàn títí dé ibi tó ti jáde. Àmọ́ kí ilé-ìwòsàn tó lè jíhìn bẹ́ẹ̀, ó di dandan kí ó mọ ìṣẹ́jú tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dé àti ìṣẹ́jú tó kúrò, lọ́sàn-án lóru. Ìwé rẹ́jísítà kò lè ru ẹrù yìí. Báyìí ni ojú kọ̀ǹpútà ṣe gba ipò pátákó. Akọ̀wé á tẹ orúkọ wọlé, aago á bẹ̀rẹ̀; nọ́ọ̀sì á fi àwọ̀ sí i; gbogbo àwọn tó wà nílé á tò sójú ẹ̀rọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú tó ti lò. Bí wákàtí mẹ́rin bá ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ìlà náà á pàwọ̀ dà. Ẹni tó ń bójú tó ibùsùn fún gbogbo ilé-ìwòsàn lè jókòó sí ọ́fíìsì tirẹ̀ kí ó máa wo ohun tó ń lọ lọ́hùn-ún, ohun tí pátákó kò lè ṣe láéláé. Ẹ kíyè sí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe tò: àṣẹ ló ṣáájú, ẹ̀rọ ló tẹ̀ lé e.

Èsì rẹ̀ kò kéré. Ní ọdún 2002, nǹkan bí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláìsàn ló ń lò ju wákàtí mẹ́rin lọ. Ní àárín ọdún 2004, ó ti dín sí nǹkan bí ìdá 5. A kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ gbá èyí dànù.

Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe débẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Ní ìgbà kan ní oṣù kẹta ọdún 2003, ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni ìjọba fẹ́ wò láti fi díwọ̀n àwọn ilé-ìwòsàn, wọ́n sì mọ ọ̀sẹ̀ náà ṣáájú. Àwọn kan gba òṣìṣẹ́ àfikún fún ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn kan sún iṣẹ́ abẹ síwájú kí ibùsùn lè ṣófo. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà kọjá, ọ̀pọ̀ nǹkan padà sí bó ṣe wà. Àwọn onímọ̀ méjì, Locker àti Mason, gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2005 tó fi nǹkan mìíràn hàn. Bí a bá ya iye àwọn tó ń kúrò ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan sórí bébà, ìlà náà á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá ku nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí wákàtí mẹ́rin pé, á ta sókè lójijì bí Òkè Olúmọ, lẹ́yìn náà á jábọ́. Àìsàn ènìyàn kò mọ aago tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń wo ojú ẹ̀rọ ló mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ áńbúláǹsì tún le ju èyí lọ. Bí ilé bá kún, àwọn aláìsàn a máa dúró nínú ọkọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí wọn kò bá tíì wọlé, orúkọ wọn kò sí lójú ẹ̀rọ. Òfin wá dé pé bí ìṣẹ́jú 15 bá ti pé lẹ́yìn tí ọkọ̀ dé, kí aago bẹ̀rẹ̀ bí wọn kò tilẹ̀ tíì fa aláìsàn lé ilé-ìwòsàn lọ́wọ́. Ní ilé-ìwòsàn Stafford, ọ̀rọ̀ náà dé orí irọ́ gidi. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Robert Francis jẹ́ alága rẹ̀, tó gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù kejì ọdún 2013, gbọ́ ẹ̀rí pé wọ́n ń fipá mú nọ́ọ̀sì láti kọ àsìkò tí kì í ṣe òtítọ́ sílẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n yọ orúkọ àwọn nọ́ọ̀sì àgbà méjì kúrò nínú ìwé àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nítorí ọ̀ràn náà. Gwyn Bevan àti Christopher Hood ti kọ̀wé lórí irú àyípadà ìwà bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2006. Ohun tí àwọn tó ka ìwé wọn sábà máa ń mú jáde nínú rẹ̀ ni pé ìtànjẹ ni gbogbo rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni a ti yapa sí irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé mẹ́ta, Jonathan Gruber, Thomas Hoe àti George Stoye, lọ wo àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òkè tí ìlà náà ta yẹn gan-an ni wọ́n fi ṣe irinṣẹ́: wọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí gbèdéke mú kí wọ́n yára dá lóhùn, wọ́n sì fi wé ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bí gbèdéke kò bá sí. Wọ́n rí i pé láàárín àwọn tí gbèdéke náà kàn, iye àwọn tó kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ dín ní nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí ni pé ogún ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn, tí a ti fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, ni ó jọ pé àwọn tó lágbára láti gbé aláìsàn lọ sókè wọ́ọ̀dù dìde nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín. Àwọn tó kọ irọ́ sílẹ̀ wà. Àwọn tí aago gbà là náà wà, wọn kò sì mọ ara wọn. Kò yẹ kí òpìtàn fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́.

Ibi tí ọ̀nà ti dí

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan péré ni ẹni tí yóò sùn sí ilé-ìwòsàn lè gbà jáde ní ẹ̀ka pàjáwìrì: ibùsùn kan gbọ́dọ̀ ṣófo ní wọ́ọ̀dù. Ní ọdún 1987 sí 1988, nǹkan bí ibùsùn 299,000 ni NHS ní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2019 sí 2020, ó ti dín sí nǹkan bí 141,000. Kì í ṣe gbogbo àdínkù yìí ló burú. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ sùn fún ọ̀sẹ̀ kan tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń ṣe tán lójọ́ kan, wọ́n sì ti kó ọ̀pọ̀ alárùn ọpọlọ kúrò ní ilé-ìwòsàn ńlá. Àmọ́ àárín ọdún tí ojú ẹ̀rọ ń pọ̀ sí i gan-an ni ibùsùn ń dín kù. A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2010, mínísítà tuntun, Andrew Lansley, dín gbèdéke náà kù sí ìdá 95. Oṣù keje ọdún 2015 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lápapọ̀ bá gbèdéke yìí kẹ́yìn. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́ o. Ẹ̀rọ ń dára sí i ni: ní oṣù kẹwàá ọdún 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìlànà àkọsílẹ̀ tuntun kan fún gbogbo ẹ̀ka pàjáwìrì, tó gba ohun tó ṣe aláìsàn àti ìtọ́jú tó rí gbà sílẹ̀ ní kíkún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ọdún yẹn kan náà ló fi hàn bí ẹ̀rọ ti di eegun ẹ̀yìn iṣẹ́ náà tó. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry kọlu ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán 80 nínú àwọn àjọ NHS 236 tó ń darí ilé-ìwòsàn àti iṣẹ́ ìlera ni ó dí lọ́wọ́, àwọn aláìsàn ní agbègbè márùn-ún sì ní láti rin ìrìn tó jìn kí wọ́n tó rí ẹ̀ka pàjáwìrì tó lè gbà wọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ padà sí bébà àti bírò. Àwọn àgbà tó ti lo pátákó rí ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ní ọdún 2019, ilé-ìwòsàn Bradford dá gbọ̀ngàn kan sílẹ̀, tí ojú ẹ̀rọ tò sára ògiri rẹ̀, láti máa wo gbogbo ibùsùn àti gbogbo aláìsàn lẹ́ẹ̀kan náà. Irú èyí tó wà ní Johns Hopkins ní Baltimore láti ọdún 2016 ni wọ́n wò ṣe é. Ohun tó yàtọ̀ níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ẹ̀ka pàjáwìrì nìkan ni ó ń ṣọ́. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà, wọn kò rí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ìyàtọ̀ ńlá bá àwọn aláìsàn. Èyí kò yà wá lẹ́nu. Ẹ̀rọ náà lè fi hàn pé kò sí ibùsùn. Kò lè tẹ́ ọ̀kan.

Aago tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà

Oṣù kejìlá ọdún 2022 ni ọ̀rọ̀ náà burú jù. Ìdá 65 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni kò kọjá wákàtí mẹ́rin. Àwọn 54,532 ni wọ́n kà pé ó dúró ju wákàtí 12 lọ kí wọ́n tó rí ibùsùn. Ní àsìkò kan náà, àwọn tó lé ní 13,000 wà ní wọ́ọ̀dù lójoojúmọ́ tí ara wọn ti tó láti lọ, tí wọn kò sì lè lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn nítorí pé kò sí ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn nílé. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún yẹn nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn pàjáwìrì ṣírò rẹ̀ pé nínú 82 aláìsàn tí ìgbàsíbùsùn wọn bá falẹ̀ kọjá wákàtí 6 sí 8, ẹnì kan á kú tí kì bá kú.

Ẹ jẹ́ kí a padà wo 54,532 yẹn. Aago wákàtí 12 náà kò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí aláìsàn dé. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí dókítà bá sọ pé kí wọ́n gbà á sí wọ́ọ̀dù. Ẹni tó dé ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, tí dókítà pinnu ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tó sì rí ibùsùn ní aago mẹ́ta òru, wákàtí 19 ni ojú rẹ̀ rí. Wákàtí 11 ni aago ìjọba rí, kò sì sí lára àwọn tí wọ́n kà. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Scotland, ní tirẹ̀, láti ìgbà tí aláìsàn dé ni wọ́n ti ń kà á. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà pàjáwìrì tẹnu mọ́ ọn fún ọ̀pọ̀ ìgbà pé kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n nílò fún un sì wà nínú kọ̀ǹpútà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ọdún 2023 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde lóṣooṣù. Iye náà pọ̀ fíìfíì ju ti aago àtijọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ènìyàn kan kò pọ̀ sí i ní ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba ti sọ pé kí àwọn ilé-ìwòsàn kọ́kọ́ dé ìdá 76 ní oṣù kẹta ọdún 2024.

Ibì kan ṣì wà tí aago kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa, èyí ni ọ̀nà tó la àárín wọ́ọ̀dù kọjá, níbi tí wọ́n ń tò àwọn aláìsàn sí lórí ibùsùn onítáyà nígbà tí yàrá bá kún. Àwọn ilé-ìwòsàn kan ti lẹ nọ́ńbà mọ́ ara ògiri níbẹ̀, kí nọ́ọ̀sì lè mọ ẹni tí òun ń gbé oògùn lọ fún. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ilé-ìwòsàn kan ní London kéde pé òun ń wá nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ láti máa tọ́jú àwọn tó sùn sí ọ̀nà náà.